Awọ Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí Ìmọ́lẹ̀ Ń Tẹ̀: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ pẹ̀lú Dúdú Èéfín àti Jẹlatíìnì

Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni awọ tín-ín-rín kan tí yóò tẹ̀ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ lé e lórí, tí yóò sì na padà nígbà tí a bá gba ìmọ́lẹ̀ náà kúrò, láìsí wáyà, láìsí bátìrì, láìsí mọ́tò. Èròjà méjì ni mo fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà: kábọ́ọ̀nù tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan, àti pùrótéènì tó máa ń wú nígbà tó bá mu omi, tó sì máa ń súnkì nígbà tí omi bá kúrò lára rẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí ti wà nílẹ̀. Ní ọdún 2013, Seung-Wuk Lee àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní University of California ní Berkeley gbé tiwọn jáde nínú ìwé ìmọ̀ Nano Letters. Pùrótéènì tí wọ́n lò jọ elastin, èyí tó wà nínú awọ ara wa àti nínú òpó ẹ̀jẹ̀, tó ń jẹ́ kí wọ́n lè fà gùn kí wọ́n sì padà sí bí wọ́n ṣe wà. Wọ́n pò ó mọ́ graphene, ìyẹn kábọ́ọ̀nù tó jẹ́ ewé tín-ín-rín tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, wọ́n sì tan léésà infrared sí i, irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí. Graphene náà gba ìmọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ di ooru. Ooru náà mú kí pùrótéènì tu omi inú rẹ̀ dà nù. Nítorí pé ihò tó wà ní ojú kan pọ̀ ju ti ojú kejì lọ, ojú kan yára súnkì ju èkejì lọ, gbogbo rẹ̀ sì tẹ̀. Wọ́n ṣe ọ̀kan ní ìrísí ọwọ́ ènìyàn, ìmọ́lẹ̀ sì ń tẹ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bakitéríà ni wọ́n fi ṣe pùrótéènì tiwọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti tún àbùdá rẹ̀ tò. Irú rẹ̀ kò sí lọ́jà tí èmi lè ná. Èyí tí mo lè rí ni jẹlatíìnì, tí wọ́n ń rí nínú awọ àti egungun ẹran, àti dúdú èéfín, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà tí ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: inú omi ni awọ ti Berkeley ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ ni tèmi ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé jẹlatíìnì kò ní àbùdá elastin tó fi ń tu omi dà nù nígbà tó bá móoru nínú omi, ńṣe ni òun máa ń yọ́. Tèmi gbára lé omi tí ń wọlé tí ń jáde láàárín awọ náà àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká.

1. Ohun èlò àti iye owó

Ìbàdàn ni mo ti ra gbogbo rẹ̀, iye tí mo kọ síbí sì ni iye tí mo rà á. Ọjà kì í dúró sójú kan. Jẹlatíìnì oníyẹ̀fun, gíráàmù 100, nǹkan bíi ₦3,500. Gílísírìn lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà ìpara àti ọṣẹ, ₦1,500. Páálí àbẹ́là kan, ₦800. Sẹ́lótéèpù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó mọ́ gaara, irú èyí tí wọ́n fi ń di páálí, ₦1,000. Sípírítì ìgò kékeré, ₦700. Gílóòbù pupa tí àwọn olùsìn adìyẹ máa ń tàn sí òròmọdìyẹ kí òtútù má baà pa wọ́n, ₦5,000. Ìwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, tó lè ka gíráàmù 0.01, ni ó gbówó lórí jù, ₦9,000, kò sì sí bí a ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba dúdú tí a nílò kò tó ohun tí ìwọ̀n ilé ìdáná lè kà.

Mo tún lo àwọn ohun tó wà nílé: sìríńjì mílílítà 10, tẹmómítà, rúlà, pépà gíráàfù, kílíìpù ìwé, abẹ́fẹ́lẹ́, ìbòmú, àti fóònù tó lè gba fídíò.

2. Kíkó dúdú èéfín jọ

Bu omi tútù sínú ago irin, kí o sì gbé ìdí ago náà sí àárín ọwọ́ iná àbẹ́là, kì í ṣe sókè rẹ̀. Ní òkè ọwọ́ iná, kábọ́ọ̀nù ti jóná tán, ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ago. Ní àárín, kò tíì jóná. Bí ó bá kan irin tútù, ibẹ̀ ni yóò dúró sí, yóò dúdú kirikiri, yóò sì rọ̀ bí o bá fọwọ́ kàn án. Pààrọ̀ omi inú ago bó bá ti ń móoru. Àbẹ́là mẹ́rin tí a tò sábẹ́ àwo irin kan máa ń yá ju ẹyọ kan lọ.

Hóró dúdú yìí kéré gan-an. Àwọn tó ti wọ̀n ón nínú ilé ìwádìí sọ pé ìbú hóró kan jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 30 sí 40, bẹ́ẹ̀ mílíọ̀nù nánómítà ló wà nínú mìlímítà kan. Kì í ṣe graphene, kò sì ní ìtò graphene, ṣùgbọ́n fún iṣẹ́ tí a fẹ́ kó ṣe, tí í ṣe kí ó gba ìmọ́lẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ di ooru, kò sí àbùkù lára rẹ̀: ó ń gba èyí tí ojú ń rí, ó sì ń gba infrared pẹ̀lú.

Dúdú tí mo kọ́kọ́ kó ní ọ̀rá lára, nítorí pé ìdí ago náà ti sún mọ́ òwú àbẹ́là jù, ìda tí kò jóná sì bá a gòkè. Bí a bá fi irú èyí sínú jẹlatíìnì, ojú awọ náà yóò máa yọ̀, sẹ́lótéèpù kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó tún un ṣe ni fífọ̀: mo ha dúdú náà sínú ìgò kékeré, mo da sípírítì lé e, mo mì í, mo jẹ́ kó sílẹ̀, mo da omi orí rẹ̀ nù, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì sá a sí ibi tí iná kankan kò sí. Sípírítì máa ń gbiná kíákíá, nítorí náà àbẹ́là gbọ́dọ̀ ti kú pátápátá kí a tó ṣí ìgò rẹ̀.

Kí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí wọ ìbòmú, kí ó sì ṣe é ní ìta. Dúdú èéfín wà lára ohun tí a mọ̀ dájú pé ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ fún àwọn tó ń fà á símú lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ó bá ti wọnú jẹlatíìnì tán, kò tún lè fò mọ́.

3. Pípò dúdú mọ́ jẹlatíìnì

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, ibí náà ni ó sì ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ jù.

Ìṣòro àkọ́kọ́ wá láti ọjà. Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kan tí wọ́n kọ jẹlatíìnì sí lára kò yọ́ nínú omi gbígbóná ìwọ̀n Celsius 55, bó ti wù kí a rò ó tó. Agar ni ó wà nínú rẹ̀. Ewéko inú òkun ni wọ́n fi ń ṣe agar, kì í ṣe pùrótéènì rárá, àfi kí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ hó kó tó yọ́. Ọ̀nà tó rọrùn láti dá wọn mọ̀ nìyí: po díẹ̀, jẹ́ kó dì, kí o sì gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Jẹlatíìnì yóò máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ooru ọwọ́; agar yóò dúró bí ó ṣe wà.

Ìwọ̀n tí mo ń lò ni jẹlatíìnì gíráàmù 5, omi mílílítà 95, gílísírìn gíráàmù 1, àti dúdú èéfín gíráàmù 0.2. Kí a kọ́kọ́ da jẹlatíìnì sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó lè wú dáadáa, kí a tó gbé abọ́ rẹ̀ sínú omi gbígbóná mìíràn. Mo máa ń jẹ́ kí tẹmómítà wà láàárín 50 sí 55. Kò gbọdọ̀ hó. Jẹlatíìnì tó bá hó pẹ́ máa ń já sí wẹ́wẹ́, awọ tó bá ti ara rẹ̀ jáde a sì máa ya bí ìwé tó gbó. Iṣẹ́ gílísírìn ni láti jẹ́ kí awọ náà rọ̀. Láìsí i, awọ gbígbẹ yóò ṣẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku dúdú. Ní ìgbà àkọ́kọ́, mo bù ú sórí omi jẹlatíìnì tó ń móoru, mo sì ń rò ó. Dúdú náà léfòó. Ó yípo lórí omi, ó kóra jọ bí èso ata, kò sì wọlé, nítorí pé dúdú èéfín kò fẹ́ràn omi. Awọ tí ó ti ibẹ̀ jáde ní hóró dúdú níbì kan, ó sì mọ́ gaara níbòmíràn. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kan án, ibi tí dúdú pọ̀ sí nìkan ló gbóná, awọ náà sì lọ́ dípò kó tẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń fi ìró alágbára mi omi ni wọ́n máa ń fi tú irú èyí ká nínú ilé ìwádìí. Èmi kò ní in, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe ínkì ní China àti Japan ti mọ ọ̀nà mìíràn láti ayébáyé: dúdú èéfín àti gọ́ọ̀mù tí a fi awọ ẹran sè ni wọ́n ń fi ọwọ́ pò títí wọn yóò fi di ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù awọ ẹran àti jẹlatíìnì, ọmọ ìyá ni wọ́n. Pùrótéènì náà máa ń bo ara hóró kábọ́ọ̀nù, kò sì ní jẹ́ kí hóró kan lẹ̀ mọ́ èkejì mọ́. Nítorí náà, bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí:

Mo da dúdú gíráàmù 0.2 sórí gíláàsì fífẹ̀ kan. Mo kán sípírítì díẹ̀ sí i kó lè rin, nítorí pé dúdú tó bá ti mu sípírítì kì í kọ omi mọ́. Mo wá fi ṣíbí bu omi jẹlatíìnì tó nípọn díẹ̀ lé e, mo sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́, mo ń lọ̀ ọ́ yípo yípo fún ogún ìṣẹ́jú, tí mo sì ń fi omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ kún un bó bá ti fẹ́ dì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìró wínníwínní máa ń wà lábẹ́ ṣíbí. Ìgbà tí ìró náà bá dákẹ́, tí ojú rẹ̀ sì ń dán bí ínkì, ó ti ṣe tán. Kán ẹyọ kan sínú omi mímọ́: bí ó bá tàn ká bí kúrukùru láìsí hóró, ó dára. Lẹ́yìn náà ni mo dà á pọ̀ mọ́ ìyókù, mo sì fi aṣọ àlà sẹ́ ẹ.

Fófó tún wà. Rírò àti sísẹ́ máa ń kó atẹ́gùn sínú rẹ̀, ihò fófó kan sì tó láti ba awọ kan jẹ́. Mo fi abọ́ náà sílẹ̀ nínú omi ìwọ̀n Celsius 50 fún ìdajì wákàtí láìfọwọ́ kàn án, mo sì fi etí pépà kó fófó orí rẹ̀ kúrò.

4. Dídà á kó lè gbẹ

Má ṣe dà á sórí gíláàsì. Gíláàsì ni mo kọ́kọ́ lò, nítorí pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Jẹlatíìnì tó gbẹ máa ń di gíláàsì mú débi pé, bó ṣe ń súnkì, ó lè ṣí ojú gíláàsì náà ní wẹ́wẹ́. Àwọn oníṣẹ́ ọnà kan tilẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi gọ́ọ̀mù awọ ẹran ṣe bẹ́ẹ̀ láti fi ya bátànì sára gíláàsì ilẹ̀kùn. Abẹ́fẹ́lẹ́ kò ràn án. Mo rẹ ẹ́ sínú omi, ó sì yọ́.

Èyí tó ṣiṣẹ́ ni èèpo fáìlì ọ̀rá tó mọ́ gaara, irú èyí tí a fi polypropylene, oríṣi ike kan, ṣe. Jẹlatíìnì kò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Mo fi sẹ́lótéèpù tí mo ká lé ara wọn ṣe ọgbà kékeré tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10, mo lẹ èèpo fáìlì náà mọ́ pákó, mo sì gbé pákó náà lé orí tábìlì. Kí pákó tẹ́jú ṣe pàtàkì ju bí ènìyàn ṣe lè rò lọ: awọ tí apá kan rẹ̀ nípọn ju apá kejì lọ yóò máa tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Mo lo ohun tó ń wọn títẹ́jú nínú fóònù, mo sì ń fi pépà sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

Sìríńjì kan tó kún, mílílítà 10, ni mo ń dà sínú ọgbà náà. Kó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọjọ́ kan, láìsí fáànù. Fáànù máa ń mú kí etí rẹ̀ gbẹ ṣáájú àárín, etí náà a sì ká sókè, a tú kúrò lára fáìlì kí àárín tó dì dáadáa.

Láti mọ bó ṣe nípọn tó láìní ẹ̀rọ olówó gọbọi, mo gé awọ gbígbẹ sí ègé mẹ́wàá, mo tò wọ́n lé ara wọn, mo sì fi kálípà, ohun tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọ̀n wọ́n pọ̀: mìlímítà 0.45. Ìyẹn ni pé ẹyọ kan jẹ́ máíkírómítà 45.

5. Fífi sẹ́lótéèpù bò ó lójú kan

Bí awọ náà bá dá wà, ojú méjèèjì yóò súnkì bákan náà, kò sì ní tẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì tí kì í súnkì. Irú èyí ló wà nínú àyọ́ọ̀nù ìlọṣọ: pẹlẹbẹ irin méjì tí a lẹ̀ pọ̀, tí ọ̀kan ń gùn ju èkejì lọ nínú ooru, tí wọ́n á sì jọ tẹ̀ láti já iná. Sẹ́lótéèpù tí a fi ń di páálí jẹ́ polypropylene, kì í mu omi, ó sì máa ń gùn díẹ̀ nígbà tó bá móoru. Jẹlatíìnì ń súnkì, sẹ́lótéèpù ń gùn. Àwọn méjèèjì ń tì í sí ọ̀nà kan náà, nítorí náà yóò tẹ̀ sí ìhà jẹlatíìnì.

Mo dán téèpù oníwèé wò, irú tí àwọn akunlé ń lò, nítorí pé ó rọrùn láti fi ọwọ́ ya. Kò ṣiṣẹ́. Ìwé náà ń mu omi, ó sì ń tu omi gẹ́gẹ́ bí jẹlatíìnì, nítorí náà àwọn méjèèjì jọ ń súnkì, awọ náà kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mira.

Fi sẹ́lótéèpù lé awọ náà nígbà tó ṣì wà lórí fáìlì, fi rúlà tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí kí atẹ́gùn má ṣe há sábẹ́ rẹ̀, kí o sì wá ṣí méjèèjì pọ̀. Abẹ́fẹ́lẹ́ tuntun àti rúlà irin ni mo fi gé e sí ọ̀já sẹ̀ǹtímítà 5 ní gígùn, mìlímítà 5 ní ìbú. Sísọ́ọ̀sì máa ń jẹ́ kí etí rẹ̀ ká kí ìmọ́lẹ̀ tó kàn án rárá.

6. Ìdánwò lábẹ́ ìmọ́lẹ̀

Mo fi kílíìpù di sẹ̀ǹtímítà kan nínú ọ̀já náà mú, mẹ́rin tó kù rọ̀ sísàlẹ̀, pépà gíráàfù sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Fóònù dúró lórí ìwé, ó ń gba fídíò, kí n lè padà ka ìṣẹ́jú-àáyá àti iye mìlímítà tí ṣóńṣó rẹ̀ rìn. Ojú jẹlatíìnì ni mo kọ sí ìmọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì kò tó. Ṣóńṣó rẹ̀ kò rìn ju mìlímítà kan lọ. Gílóòbù adìyẹ, tí mo gbé jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 20, ni ó jẹ́ kí n rí ohun tí mo ń wá. Ọ̀já náà dúró jẹ́ẹ́ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Lẹ́yìn náà ni ṣóńṣó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè síhà gílóòbù, ó ń lọ láìgbọ̀n, láìdúró, títí ó fi di mìlímítà 16 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún. Mo fi páálí dí ìmọ́lẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sáré ní ìdajì ọ̀nà, ó wá ń rọra lọ ní ìyókù, ó sì gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dúró. Inú mi dùn púpọ̀ sí ohun tí mo rí yìí: ohun tí a fi ìdí ago àti awọ ẹran ṣe ń jí, ó ń dìde.

Ṣùgbọ́n dídìde nìkan kò fi hàn pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣe é, nítorí pé gílóòbù adìyẹ ń mú afẹ́fẹ́ pàápàá gbóná. Mo ṣe ọ̀já mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ nínú ohun gbogbo, àfi pé kò ní dúdú. Mo gbé e sí ipò kan náà, ó rin mìlímítà 4, ó sì lọ́ra. Nítorí náà, nínú 16, afẹ́fẹ́ gbígbóná àti ìwọ̀nba ooru tí jẹlatíìnì fúnra rẹ̀ gbà lè mú bí mẹ́rin. Dúdú ni ó ni ìyókù. Mo tún gbé méjèèjì sí oòrùn ọ̀sán tó ń gba ojú fèrèsé onígíláàsì wọlé: oníkábọ́ọ̀nù rin mìlímítà 13, èyí tó mọ́ gaara kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lójú kan. Ẹni tí kò bá rí gílóòbù adìyẹ rà lè fi oòrùn ṣe gbogbo ìdánwò yìí, kí ó sì máa fi páálí ṣí i kí ó máa fi dí i.

Fún ìgbóná, ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ara ènìyàn ní àsìkò Kòrónà kò wúlò, nítorí pé kì í ka ohun tó bá ti kọjá ìgbóná ibà; àṣìṣe ni yóò máa kọ. Mo yá ti àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ó ka 29 kí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí ọ̀já náà, ó sì ka 46 nígbà tó tẹ̀ tán.

Ẹ má ṣe torí kí ó lè yára lọ ra léésà infrared olówó pọ́ọ́kú. Ojú kò lè rí ìtànṣán rẹ̀, nítorí náà ojú kò ní pa dé kó tó bàjẹ́.

Mo tún yí iye dúdú padà. Pẹ̀lú dúdú tó jẹ́ 1% ìwọ̀n jẹlatíìnì, ó rin mìlímítà 14. Pẹ̀lú 4%, tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, 16. Pẹ̀lú 10%, 11 péré, etí rẹ̀ sì ń là. Kò yani lẹ́nu: ní 1%, awọ náà ti dúdú tó láti gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ lé e, èyí tó bá lé kàn ń sọ ọ́ di líle ni. Ẹni tí kíkó dúdú bá sú lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

7. Ṣé ooru ni, àbí omi?

Ọ̀nà méjì ni ooru lè gbà tẹ awọ yìí: kí sẹ́lótéèpù gùn, tàbí kí omi jáde lára jẹlatíìnì. Mo fẹ́ mọ èyí tó ń ṣe iṣẹ́ jù, nítorí pé orí ìyẹn ni gbogbo àtúnṣe tó bá kù yóò dúró lé.

Mo fi ìka ra fásálínì tín-ín-rín sí ojú jẹlatíìnì ọ̀já kan tó ti ń rin mìlímítà 16. Fásálínì kì í jẹ́ kí omi kọjá, ṣùgbọ́n kì í dí ìmọ́lẹ̀. Lábẹ́ gílóòbù kan náà, ní ibi kan náà, ó rin mìlímítà 5. Mo fi òwú àti sípírítì nu fásálínì náà kúrò, mo jẹ́ kó sinmi, ó sì padà rin 15. Omi ni. Ìmọ́lẹ̀ ń bá kábọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀, kábọ́ọ̀nù ń bá omi sọ̀rọ̀, omi ni ó ń bá pùrótéènì sọ̀rọ̀.

Èyí ṣàlàyé ohun kan tó ti ń dà mí láàmú. Bí mo bá ń tan ìmọ́lẹ̀ tí mo ń pa á láìsinmi, ọ̀já náà kì í padà dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a ti máa fi mìlímítà 3 tàbí 4 tẹ̀ kí n tó tan ìmọ́lẹ̀. Omi tó jáde kò tíì rí àyè padà wọlé. Bí mo bá fún un ní ìṣẹ́jú kan nínú òkùnkùn, ó ń dé ibùdó rẹ̀.

8. Òjò, ọyẹ́, àti èbu

Ohun tó bá ń mu omi inú afẹ́fẹ́ kò lè ṣe bákan náà ní oṣù Keje àti ní oṣù Kìíní. Ní àsìkò òjò, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lé ní 80%, awọ tí mo ṣe rọ̀ jù, ó tẹ̀ sí ìhà sẹ́lótéèpù kí ìmọ́lẹ̀ tó kàn án, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Nígbà tí ọyẹ́ dé, irú rẹ̀ kan náà ká wá sí ìhà jẹlatíìnì bí ewé gbígbẹ, kò sì ku omi púpọ̀ lára rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ lè lé jáde. Mo ń fi gílísírìn tún un ṣe: gíráàmù 1 sí jẹlatíìnì 5 ní àsìkò òjò, gíráàmù 1.75 ní ìgbà ọyẹ́, nítorí pé gílísírìn máa ń di omi mú.

Pùrótéènì jẹ́ oúnjẹ, èbu sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀já tí mo kó sínú àpò ọ̀rá ní àsìkò òjò bu, wọ́n hu irun funfun. Ìgò oníderí tí mo kó àpò kékeré inú páálí bàtà sí, èyí tí kò jẹ́ kí ohun inú rẹ̀ rin, ni mo ń kó wọn sí báyìí.

Ó ṣẹ́ ku omi gidi. Bí omi bá ta sí awọ náà, yóò máa yọ́. Wọ́n máa ń lo formalin tàbí glutaraldehyde láti so pùrótéènì pọ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni wọ́n, kò sì yẹ kí wọ́n wọlé ẹnikẹ́ni. Álọ́ọ̀mù tí àwọn ìyá wa fi ń mú kí omi rírú tòrò ni mo lò. Àwọn tó ń fọ fọ́tò láyé àtijọ́ máa ń fi álọ́ọ̀mù mú jẹlatíìnì tó wà lójú fíìmù wọn le, èròjà kan náà sì ni. Mo kọ́kọ́ dà á sínú omi jẹlatíìnì tó ń móoru. Ó ki bí ẹ̀kọ kí n tó lè fi sìríńjì fà á. Ọ̀nà tó dára ni kí a jẹ́ kí awọ gbẹ ná, kí a fi sẹ́lótéèpù bò ó, kí a sì rì í sínú omi tútù tó ní álọ́ọ̀mù gíráàmù 2 nínú mílílítà 100 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a ṣàn án, kí a sì tẹ́ ẹ gbẹ lábẹ́ ohun tó wúwo. Awọ tó bá ti gba álọ́ọ̀mù máa ń wú bí omi bá ta sí i, ṣùgbọ́n kì í yọ́, bó bá sì gbẹ, a padà ṣiṣẹ́. Ó dín agbára títẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, láti mìlímítà 16 sí 13. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

9. Kí ó rìn

Awọ tí ń tẹ̀ tí ń nà lè rìn, bí a bá lè mú kí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ máa di ilẹ̀ mú nígbà tí èkejì ń yọ̀. Mo gé ègé kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 4, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1.5, mo yí i mọ́ ara bírò, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́jú kó lè tẹ̀ bí ọrun díẹ̀, ojú jẹlatíìnì wà nínú, ojú sẹ́lótéèpù wà lóde. Nítorí pé sẹ́lótéèpù wà lókè, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá kó tó kan dúdú, ìyẹn kò sì dín agbára rẹ̀ kù.

Lórí gíláàsì, ó kàn ń dìde ó ń dọ̀bálẹ̀ lójú kan. Ẹsẹ̀ méjèèjì jọ ń yọ̀, wọ́n sì jọ ń padà. Mo wá gé etí méjèèjì ní ṣóńṣó bí eyín ayùn, mo sì tẹ gbogbo ṣóńṣó náà kí wọ́n kọ ojú sẹ́yìn. Mo gbé e lé sáńpépà tó kúnná. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ dé, ọrun náà ga sí i, ẹsẹ̀ iwájú ti di sáńpépà mú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì wọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ lọ, ọrun náà nà, eyín ẹ̀yìn kò gbà kó padà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ iwájú ni ó tì síwájú. Mìlímítà 2 ni fún títàn àti pípa kọ̀ọ̀kan, nígbà mìíràn ó lé díẹ̀. Sáńpépà tó rí kúlọ́kùlọ́ kò dára, nítorí pé eyín rẹ̀ máa ń há sínú rẹ̀.

Ó máa ń yà sí ọ̀tún bí ó bá rìn jìnnà. Mo wọn etí rẹ̀, mo sì rí i pé eyín ọ̀tún àti ti òsì kò dọ́gba. Abẹ́fẹ́lẹ́ ni mo ṣì ń lò. Fún ìgbà tó ń bọ̀, mo ti bẹ oníṣẹ́ irin kan kó gé páńda fún mi tí n óò fi máa tẹ eyín náà jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́fà lápá kan, mẹ́fà lápá kejì, kí ìgun gbogbo wọn sì jẹ́ ìwọ̀n 45.